Owó Oṣù: Iṣẹ́ Kọ́ńpìnnì Ńlá Láyé UAC

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kì í yé béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí àwọn wáṣẹ́ lọ sí kọ́ńpìnnì ńlá. Ìtàn UAC ni mo máa ń tọ́ka sí.

Ní 1929 ni wọ́n da Niger Company pọ̀ mọ́ African and Eastern Trade Corporation, tí UAC fi jáde. Niger Company yìí náà ni Royal Niger Company ti Goldie, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ní ìwé àṣẹ ní 1886 láti ṣàkóso agbègbè odò Ọya. Lever, àwọn ọlọ́ṣẹ, ló rà á ní 1920. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣe akọ̀wé fún UAC l'Ékòó, ìlú Òyìnbó ni ọ̀gá rẹ̀ àgbà wà.

Kí ló wá dára níbẹ̀? Owó oṣù ni. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Àgbẹ̀ ń retí ìgbà kòkó, oníṣòwò ń retí ọjọ́ ọjà. Ti òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì kò rí bẹ́ẹ̀: òjò rọ̀ o, ọ̀dá dá o, oṣù parí, owó dé. Òun ni wọ́n fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ ìgbà yẹn.

Ṣùgbọ́n a tún máa ń sọ pé, "Ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òyìnbó." Abẹ́ yẹn kì í ṣe àsọdùn. Àbúrò bàbá mi kan tọ́jú ṣọ́ọ̀bù fún ilé-iṣẹ́ kan tí n ò ní dárúkọ. Kó tó gba kọ́kọ́rọ́, ó ní láti fi owó ìdógò sílẹ̀. Bí ọjà bá dín, ẹni yòówù kó jí i, owó rẹ̀ ló ń lọ. Lálẹ́ tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́ kí wọ́n wá ka ọjà, ìyàwó rẹ̀ á ní, "Baálé mi, ẹ tiẹ̀ jẹun díẹ̀." Kò ní lè jẹ ẹ́.

Èyí tó tún nira jùyẹn lọ ni ọ̀rọ̀ kòkó. Ní 1937, UAC àti àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó mìíràn fẹnu kò pé àwọn ò ní máa bára wọn du kòkó lórí iye owó mọ́. Ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òní, àwọn àgbẹ̀ yarí, wọn ò ta kòkó wọn. L'Ékòó níbí, Nigerian Youth Movement gbógun ti àdéhùn náà. Ẹ wá fọkàn yàwòrán akọ̀wé tó ń wọn kòkó fún kọ́ńpìnnì, tí bàbá tirẹ̀ ń gbin kòkó lóko. Ta ni yóò gbè? Ilé-iṣẹ́ tó ń fá owó bàbá rẹ̀ náà ló ń san owó tó fi ń bọ́ ọmọ. N ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa lè dá a lẹ́bi pé kò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Nǹkan yí padà nígbà tó yá. Òfin 1972 àti ti 1977 ló fipá mú àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè láti ta ìpín fún ọmọ Nàìjíríà. Ernest Shonekan, amòfin, wọ UAC ní 1964. Nígbà tó fi máa di 1980, òun ni alága àti ọ̀gá àgbà ibẹ̀. (Ìjọba fìdíhẹ 1993 tó tún gbà, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí.) Àmọ́ Shonekan kan ṣoṣo la rí, àwọn akọ̀wé tó ń wọn kòkó kò lóǹkà.