Ẹ̀rọ Àjèjì Lọ́wọ́ Ọmọ Ẹ̀gbá: Láti Ilé Ìtẹ̀wé 1854 Dé Ìdí Kọ̀ǹpútà

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe ètò kan ṣoṣo ni ó ń darí kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Abẹ́òkúta ni ó jẹ́ pé Windows, ètò tí ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé jáde ní 1985, ni wọ́n fi mọ kọ̀ǹpútà. Bí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ bá rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan, tí wọ́n ní kí ó máa ran àwọn òṣìṣẹ́ yòókù lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ wọn bá kọ iṣẹ́, tí ó sì bá ètò mìíràn tí ń jẹ́ Linux níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n gbà láti tọ́ àwọn ẹlòmíràn sọ́nà ni òun fúnra rẹ̀ ń wá ọ̀nà. Ìdààmú yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ìtàn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àkọ́kọ́ tí ó dé Abẹ́òkúta fi hàn pé àwọn baba ńlá ti bá irú rẹ̀ pàdé, ó sì fi ibi tí wọ́n ti borí àti ibi tí wọ́n ti kùnà hàn.

Henry Townsend, ajíhìnrere ti Ìjọ C.M.S., kọ́kọ́ wá wo Abẹ́òkúta ní 1843. Ní 1846 ni òun àti Samuel Ajayi Crowther wá tẹ̀ dó síbẹ̀. Ní 1854 ni Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà. Ìlú náà fúnra rẹ̀ kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó lábẹ́ Olúmọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà ni ó jẹ́ pé àwọn ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdílé wọn tí yóò mọ ìwé.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé mímọ ìwé kà nìkan tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹyọ òjé kéékèèké ni lẹ́tà tí wọ́n fi ń tẹ̀wé nígbà náà, ẹyọ kan fún lẹ́tà kan. Ojú lẹ́tà náà yí padà bí àwòrán inú dígí. Ẹni tí ń tò ó gbọ́dọ̀ kọ́ láti ka ìlà ọ̀rọ̀ tí ó dorí kodò. Inú àpótí onílé púpọ̀ ni àwọn lẹ́tà náà ń gbé: lẹ́tà ńlá ní ọ̀tọ̀, lẹ́tà kékeré ní ọ̀tọ̀, olúkúlùkù ní ilé tirẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀wé tán, wọn a fọ yíǹkì kúrò lára wọn, wọn a sì dá ẹyọ kọ̀ọ̀kan padà sí ilé rẹ̀. Ọmọ-iṣẹ́ tí ó bá ṣi ilé kan ti ba iṣẹ́ ọ̀la jẹ́. Ètò tí kò ṣeé fi ojú rí ni ọmọ náà ní láti gbé sórí kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè yá.

Ìṣòro kejì tún ga ju èyí lọ. Fún èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe irú àpótí bẹ́ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kò sì mọ ẹ, ọ àti ṣ tí ó ní àmì lábẹ́. Kíkọ Yorùbá pàápàá kò tíì fìdí múlẹ̀. Ní 1875 ni ìpàdé kan ní Èkó tó fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná lórí ọ̀nà tí àwọn ìjọ yóò máa gbà kọ ọ́. Nítorí náà, àwọn ọmọ-iṣẹ́ wọ̀nyí ń kọ́ ẹ̀rọ àjèjì ní àkókò kan náà tí ìlànà ìkọ̀wé èdè wọn ń yí padà.

Síbẹ̀ iṣẹ́ náà yọrí. Ní ìparí 1859 ni Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ó ń jáde, owó ẹyọ 120 ni wọ́n sì ń ta ẹ̀dà kan. Láti 1860 ni wọ́n ti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kún un.

Ní ọdún 1859 yẹn kan náà ni Robert Campbell dé Abẹ́òkúta. Ọmọ Jàmáíkà ni, ó ti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Kingston nígbà èwe rẹ̀, ó sì ti di olùkọ́ ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Òun àti Martin Delany jọ bá Aláké Òkúkẹ́nù àti àwọn ìjòyè ṣe àdéhùn nítorí àwọn ènìyàn dúdú tí ó fẹ́ padà wálé. Nígbà tí ó padà wá sí Èkó ní 1862, iṣẹ́ èwe rẹ̀ ni ó gbé dìde: ní 1863 ó dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀. Ẹ̀rọ Kingston kò bá a wá sí Èkó. Ìmọ̀ tí ó wà lórí rẹ̀ ni ó bá a wá.

Ẹ̀rọ mìíràn tún wà ní Abẹ́òkúta ní ìgbà náà, èyí tí ń ya kóró kúrò lára òwú. Thomas Clegg, oníṣòwò Manchester, ni ó ń fi wọ́n ránṣẹ́. Henry Robbin, ọ̀kan nínú àwọn Sàró, kọjá sí Manchester láti kọ́ bí a ti ń fọ òwú mọ́ àti bí a ti ń dì í, ó sì padà wá bójú tó iṣẹ́ náà nílé. Àwọn oníṣòwò ìlú fi owó ara wọn ra ju 150 nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí. Òwú tí ó ti Abẹ́òkúta jáde ní 1852 kò tó 2,000 pọ́n-ùn. Ní 1858 ó lé ní 220,000.

Ìyàtọ̀ ẹ̀rọ méjèèjì yẹ ní àkíyèsí. Ẹ̀rọ òwú ti wọ ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà nínú ọgbà ìjọ, lábẹ́ àṣẹ òyìnbó kan. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, tí ìjà owó bodè àti ti ọ̀nà òwò sì ń le sí i, ojú tí ọ̀pọ̀ ará ìlú fi ń wo òyìnbó ni wọ́n fi wo ohun gbogbo tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹwàá, 1867, Ifọ́lé ṣẹlẹ̀. Wọ́n kó ilé ìjọsìn, wọ́n lé àwọn ajíhìnrere jáde, wọ́n sì ba ilé ìtẹ̀wé jẹ́. Ìwé Ìròhìn dópin. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sá lọ sí Ẹ̀bùté Mẹ́tta.

Kò tọ̀nà láti pe èyí ní ìwà òpè. Àwọn tí ó fọ́ ẹ̀rọ náà kò rí i bí ohun ìní ìlú, nítorí kò tíì di ohun ìní ìlú. Ọdún mẹ́tàlá ni ó ti lò láàárín wọn, àlejò ni ó ṣì jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá dìde ní 1898, àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí ó mọ ìwé ni akọ̀wé rẹ̀, ìjọba náà sì ní Gazette tirẹ̀ kí òmìnira rẹ̀ tó dópin ní 1914. Ohun tí wọ́n fọ́ ní 1867 ti di ohun èlò ìjọba ìlú fúnra rẹ̀.

Èyí ni ẹ̀kọ́ tí ó kan ọ̀dọ́ tí ó jókòó sí ìdí Linux. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní 1991. Nínú Windows, lẹ́tà ńlá àti kékeré kì í sábà sọ orúkọ fáìlì kan di méjì. Nínú Linux, méjì ọ̀tọ̀tọ̀ ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ní ilé ọ̀tọ̀tọ̀ nínú àpótí òjé. Nínú Windows, lẹ́tà bíi C ni ó ń tọ́ka ibi tí fáìlì wà; nínú Linux, orí gbòǹgbò kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ka ti yọ. Ẹni tí ó há ibi tí yóò tẹ̀ sórí nìkan ti di ọmọ-iṣẹ́ tí kò mọ̀ ju àpótí ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá béèrè ibi tí fáìlì ń gbé, ẹni tí ó ní àṣẹ lórí rẹ̀, àti ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe lọ́wọ́, yóò rí i pé ìbéèrè kan náà ni ètò méjèèjì ń dáhùn, ahọ́n wọn nìkan ni ó yàtọ̀.

Linux sì ní ẹ̀bùn kan tí ilé ìtẹ̀wé 1854 kò fún ará ìlú: ìlànà inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kà àti láti tún ṣe. Ọ̀dọ́ tí ó bá kọ́ ọ dé ìdí, tí ó sì lè fi Yorùbá yé ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kọ iṣẹ́, ti gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ àlejò. Ẹ̀rọ lè bàjẹ́, ọ̀gá sì lè pa á tì fún òmíràn lọ́la. Ìmọ̀ tí ó fi ń tún un ṣe yóò bá a dé ibikíbi tí ó bá ń lọ.