Ọjọ́ Gbogbo Ni Ti Olè

"Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun." Bí wọ́n bá ti pa òwe yìí, ìdajì ìkẹyìn ni etí wa máa ń gbé. Inú wa a dùn pé ọwọ́ ń bọ̀ wá tẹ olè. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo bí àwọn àgbà ṣe to ọ̀rọ̀ náà. Olè ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, òun náà ni wọ́n sì fún ní ọjọ́ rẹpẹtẹ. Ọjọ́ kan péré ló kan olóhun, wọn kò sì sọ ìgbà tí yóò dé. Ó dá mi lójú pé ẹni tó dá òwe yìí ti gbé nítòsí olè rí, ó sì ti fara balẹ̀ wò ó.

Inú òwe yìí ni gbogbo iyàn àwa tí a fẹ́ràn fíìmù ọ̀daràn wà. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a kì í jókòó pọ̀ kí a má jiyàn lé e lórí. Òun ní fíìmù tí kò bá fi ibi tí ọ̀ràn já sí han òun, ó ti jẹ òun lówó. Èmi ní ibi tí ọ̀ràn já sí kọ́ ni mo bá wá. Bí olè ṣe ń jí láàárọ̀, tó ń jẹun, tó ń sin ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé, ìyẹn ni mo fẹ́ rí.

Ìwé ló kọ́kọ́ pín wa sí méjì. Nígbà tí Arthur Conan Doyle gbé Sherlock Holmes jáde ní 1887, ọjọ́ olóhun ló ń kọ. Ọ̀ràn a ti ṣẹ̀ tán kí Holmes tó dé. Tirẹ̀ ni kí ó wo ẹrẹ̀ ara bàtà àti eérú tábà títí yóò fi mọ ẹni tó ṣe é. Dashiell Hammett dé lẹ́yìn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó ti ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rí fún ilé-iṣẹ́ Pinkerton, nítorí náà nínú ìwé tirẹ̀, ẹni tó ń lé olè mọ ọ̀nà ilé olè dáadáa, ìwà wọn a sì máa jọra nígbà mìíràn. The Maltese Falcon tó kọ ní 1930 ni John Huston sọ di fíìmù ní 1941.

Double Indemnity ni mo máa ń fà yọ bí iyàn bá ti gbóná. James M. Cain ló kọ ìwé rẹ̀. Billy Wilder àti Raymond Chandler, tí òun náà jẹ́ òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀daràn, ni wọ́n jọ sọ ọ́ di eré tó jáde ní 1944. Òru ni eré náà bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ta adójútòfò wọ ọ́fíìsì rẹ̀, òógùn bò ó, ọta ìbọn wà ní èjìká rẹ̀. Ó jókòó, ó fa ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ mọ́ra, ó sì jẹ́wọ́ pé òun pààyàn. Eré kò tíì rìn jìnnà, ọjọ́ olóhun ti kọjá lójú wa. Ọjọ́ olè ló kù, a ó sì bá a rìn ín láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn ilé obìnrin kan. Àyà wa ń já fún un, bẹ́ẹ̀ a ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tó bá ní òpin ìtàn nìkan ló dùn, kí ó lọ wo èyí.

Àmọ́ wákàtí méjì kì í tó ọjọ́ gbogbo. Ibẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n ti gba ipò lọ́wọ́ sinimá. The Wire, eré David Simon tí HBO bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 2002, ní apá 60, ọ̀rọ̀ ìlú Baltimore nìkan ló sì ń sọ. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ yẹn, bí ẹni pé òwe wa gan-an ni wọ́n gbé síwájú kámẹ́rà. Òkú ọmọkùnrin kan wà nílẹ̀ ní òru, ọlọ́pàá jókòó ti ọ̀dọ́ kan tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ́ náà ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni àwọn máa ń ta tẹ́tẹ́. Bí owó bá ti pọ̀ nílẹ̀, olóògbé a gbá a, a sá. Wọn a lé e bá, wọn a lù ú, ọ̀sẹ̀ mìíràn a dé, wọn a tún gbà á láàyè láti ta. Lọ́jọ́ kan ni ẹnìkan yìnbọn. Mo ti wo ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó ṣì máa ń dùn mí. Olè yẹn kò jìnnà sí olóhun rárá, ìjókòó kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó.

Simon ti ṣe oníròyìn ní Baltimore. Ed Burns tí wọ́n jọ ṣe eré náà ti ṣe ọlọ́pàá àti olùkọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn tó ń kọ ìwé ìtàn: Richard Price, George Pelecanos, Dennis Lehane. Ìdí nìyẹn tí eré náà fi ní sùúrù ìwé. Ó kúrò ní ojú títì lọ sí èbúté, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn olóṣèlú, ó wọ ilé-ìwé, ó parí sí ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn, gbogbo ibi tó sì dé, ó ń wá olóhun. Ta ni wọ́n jà lólè ní Baltimore gan-an? Ọmọ tí kò mọ̀wé kà ni, àbí òṣìṣẹ́ èbúté tí kò ríṣẹ́ ṣe? (Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, Gbenga Akinnagbe, ló ṣe Chris Partlow, apààyàn tí kì í pariwo. Bí orúkọ rẹ̀ bá ti hàn lẹ́yìn eré, orí mi a wú.)

The Sopranos, eré tẹlifíṣọ̀n David Chase, ló da àárín èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí rú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2007 tí apá ìkẹyìn jáde, Tony, olórí ọ̀daràn inú rẹ̀, jókòó pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ nílé oúnjẹ, ọmọbìnrin rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, lójijì ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú. Ó tán. Ọ̀rẹ́ mi ní ìrẹ́jẹ ni. Mo ní David Chase ló pa òwe wa jù lọ: ó gbà pé ọjọ́ kan wà, kò kàn sọ pé òní ni.

Iyàn yìí wà nínú ìwé tiwa náà. Kọ́lá Akínlàdé kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?, orúkọ rẹ̀ sì ti sọ ohun tí òǹkàwé ń wá. Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀, a máa fi sùúrù tú ọ̀ràn palẹ̀. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gba ọ̀nà mìíràn nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969. Lápàdé tirẹ̀ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé àwọn ọ̀daràn kiri, òwe ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nínú ewu. Láyé ìgbà yẹn, James Hadley Chase ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń jìjàdù kà, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń wo máàpù kọ ìtàn Amẹ́ríkà. Òkédìjí kò nílò máàpù.

Lápàdé ni mo fẹ́ kí wọ́n fún ní apá 60. Kí a rí i lọ́jọ́ tí kò lé ẹnikẹ́ni, tí òun àti Táfà Ìgìrìpá, ẹnìkejì rẹ̀, kàn jókòó tí wọ́n ń ṣàwàdà. Ọ̀rẹ́ mi ní òun yóò wò ó, bí wọ́n bá ti lè mú olè níkẹyìn. Mo ní kí wọ́n fún òun ní apá kan yẹn, kí èmi máa wo 59 yòókù.