Ọwọ́, Fèrè àti Wọkí-tọ́kì: Bí Wọ́ọ̀fù Àpápá Ṣe Kọ́ Ọ̀rọ̀ Sísọ Lẹ́nu Iṣẹ́

Wọkí-tọ́kì ni rédíò alágbèéká tí ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ìgbì kan náà. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ á tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, àwọn yòókù á sì dákẹ́ gbọ́ ọ. Ní wọ́ọ̀fù Àpápá, iṣẹ́ ńlá kan kì í lọ láìsí i. Ó wà lọ́wọ́ páílọ́ọ̀tì tó ń mú ọkọ̀ wọlé, ó wà lọ́dọ̀ awakọ̀ kiréènì tó jókòó sókè téńté, fómánù àwọn lébùrà ní tirẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì náà ní tirẹ̀. Ohun èlò náà kò tíì pẹ́ púpọ̀ ní Èkó. Àmọ́ ìlànà tó mú kí lílò rẹ̀ bọ́gbọ́n mu ti dàgbà jù ú lọ, nítorí lára àmì ọwọ́ àti fèrè ni wọ́n ti yọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀.

Kí Àpápá tó di wọ́ọ̀fù, ẹnu ọ̀sà ni gbogbo wàhálà wà. Iyanrìn tó dí ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá kọjá. Forcados, ní ẹkùn Warri, ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Liverpool ti ń já ẹrù sílẹ̀, kí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó kó o wá sí Èkó. Láti 1886 ni wáyà abẹ́ òkun ti so Èkó mọ́ London, tí oníṣòwò Marina fi lè béèrè iye tí epo pupa ń lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìdúró de ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó dúró lẹ́yìn ìgbì, tí wọ́n ń fi ojú ara wọn rí, àsíá ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Àsíá wọ̀nyí ní ìwé tirẹ̀, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ jáde ní 1857, tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì gbà, kí àsíá kọ̀ọ̀kan lè ní ìtumọ̀ tí atukọ̀ ibikíbi mọ̀. Nígbà tí òkúta tí wọ́n tò sí ẹnu ọ̀sà ti mú kí omi jìn tó, ọkọ̀ SS Akoko wọ Èkó ní 1914. Iṣẹ́ wọ́ọ̀fù Àpápá bẹ̀rẹ̀ ní 1921, ó parí ní 1926: ibùdó ọkọ̀ mẹ́rin tí ojú irin dé ẹsẹ̀ wọn, kí ẹ̀pà Kano àti kòkó ilẹ̀ Yorùbá lè ti inú wágọ̀nù bọ́ sínú ọkọ̀.

Àwọn tó ń ru àpò ẹ̀pà àti kòkó náà kì í gbé àárín Àpápá. Àwọn òpópónà títẹ́jú ibẹ̀ jẹ́ ti àwọn ọ̀gá, ti ilé-iṣẹ́ àti ti ilé ìkẹ́rùsí. Òdì kejì Boundary ni lébùrà ń sùn, ní Ajégúnlẹ̀, lórí ilẹ̀ àwọn Àwórì. Ìlàjẹ wà níbẹ̀, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìgbò, Haúsá àti Yorùbá láti oríṣiríṣi ìlú, yàrá sí yàrá nínú ilé kan. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á kọjá Boundary lọ sí wọ́ọ̀fù, gáǹgì kan ṣoṣo sì lè ní èdè mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú. Pijin ló ń so wọ́n pọ̀ lórí ilẹ̀. Nínú ikùn ọkọ̀, níbi tí wíǹṣì ti ń ké tí irin ń lu irin, Pijin pàápàá kì í tó.

Ibẹ̀ ni àmì ọwọ́ ti wúlò. Ẹni tó ń wa wíǹṣì kò lè rí ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò sì lè rí òun. Ọkùnrin kan ni í dúró sétí ẹnu ikùn ọkọ̀ tó ń rí ìhà méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ ló sì ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn. Bó bá na ìka sókè tó ń yí i po, kí ẹrù gòkè. Bó bá na án sílẹ̀ tó ń yí i po, kí ẹrù sọ̀. Bó bá na apá sí ẹ̀gbẹ́, tó dojú àtẹ́lẹwọ́ kọlẹ̀, tó ń jù ú síwá sẹ́yìn, kí ohun gbogbo dúró. Bó bá ju apá méjèèjì bẹ́ẹ̀, ewu dé. Ọmọ Ìlàjẹ tó ti ojú omi wá àti Haúsá tó tẹ̀ lé ẹ̀pà bọ̀ láti Kano ń rí ohun kan náà, láìsí ògbufọ̀.

Ìlànà mẹ́ta ló ń tẹ̀ lé àmì wọ̀nyí ní èbúté gbogbo àgbáyé. Èkíní, ẹnì kan ṣoṣo ló ń darí ẹrù, awakọ̀ kò sì gbọdọ̀ dá ẹlòmíràn lóhùn, àyàfi bó bá ní kí iṣẹ́ dúró. Èkejì, ẹnikẹ́ni ló lè dá iṣẹ́ dúró, ìbáà ṣe ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá. Ẹ̀kẹta, bí ọwọ́ bá dúró tàbí tí awakọ̀ kò bá rí i mọ́, ẹrù náà dúró. Ẹ̀kẹta yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn tó tẹ̀ lé e, nítorí òun ni rédíò kọ́kọ́ dà rú.

Àwọn méjì ni wọ́n sábà ń dárúkọ fún ìbẹ̀rẹ̀ wọkí-tọ́kì: Donald Hings ní Kánádà, tó ṣe tirẹ̀ ní 1937 fún àwọn awakọ̀ òfuurufú tó ń fò lọ sínú igbó jíjìn, àti Alfred Gross ní Amẹ́ríkà. Ogun Àgbáyé Kejì ló sọ ọ́ di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ Galvin ní Chicago, tó yí orúkọ padà sí Motorola ní 1947, ṣe SCR-536 tó wúwo tó nǹkan bíi pọ́n-ùn 5. Fífa eríà rẹ̀ jáde ni í tan án, títì í wọlé ni í pa á. SCR-300, tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tẹ̀ lé e ní 1943. Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà mọ ìwúlò rédíò nínú ogun yẹn. Nígbà tí Division 81 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ń jà ní àfonífojì Kaladan ní Burma ní 1944, òfuurufú ni wọ́n ti ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn, rédíò ni wọ́n sì fi ń sọ ibi tí wọ́n wà. Àṣìsọ kan lè gbé oúnjẹ odidi ọjọ́ lé ọ̀tá lọ́wọ́. Burma Road wà ní Àpápá títí dòní.

Ní 1955 ni Nigerian Ports Authority, NPA, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn òfin 1954 tó dá a sílẹ̀. Àkókò yẹn náà ni rédíò VHF, tó ń gbé ohùn ènìyàn, ń wọ iṣẹ́ èbúté káàkiri ayé. Àdéhùn àgbáyé ya 156.8 MHz sọ́tọ̀ fún ìpè àti fún ewu. Òun ni ìkànnì 16. Lórí rẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń pe èbúté tàbí ọkọ̀ mìíràn, kí àwọn méjèèjì tó ṣí lọ sí ìkànnì iṣẹ́. Ẹni tó bá jókòó tì í tó ń sọ ìròyìn ilé, ó lè bo ohùn ẹni tó ń rì mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ “Mayday”, tí àdéhùn àgbáyé gbà ní 1927, ni wọ́n ń pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí rẹ̀. Bí ó bá dún, ẹni tí kò ní ìrànlọ́wọ́ kankan láti ṣe ní láti pa ẹnu mọ́. Ọkọ̀ ń lo wáàtì 25, àmọ́ nínú èbúté ó yẹ kí wọ́n dín in kù sí wáàtì 1, kí ohùn má baà rìn jìnnà dí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn lọ́wọ́. Fún páílọ́ọ̀tì, rédíò gba ipò fèrè. Fífọn fèrè ni wọ́n fi ń darí ọkọ̀ afàkọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ọkọ̀ náà á sì fi fèrè tirẹ̀ jẹ́ ẹ. Ìjẹ́pè yẹn kò parẹ́: lórí rédíò, ẹni tó gba àṣẹ gbọ́dọ̀ tún un sọ kí ó tó ṣe é.

Ọdún 1975 fi hàn bí omi Èkó ṣe lè kún tó. Ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù símẹ́ńtì, nígbà tí èbúté Èkó kò lè já ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún kan. Ọkọ̀ tó lé ní 400 tò síta. Gbogbo wọn ló ń pín ìkànnì ìpè kan ṣoṣo, ẹni méjì tó bá sì tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan náà yóò pa ara wọn lẹ́nu mọ́: èyí tó lágbára jù á borí, tàbí kí igbe lásán jáde. Èbúté Tin Can Island, tí wọ́n ṣí ní October 1977, wà lára ohun tí wàhálà náà bí.

Kọntéínà ló wá mú wọkí-tọ́kì wọ ọwọ́ ọmọ Ajégúnlẹ̀ gan-an. Awakọ̀ kiréènì ńlá jìnnà sílẹ̀ débi pé ìka tó ń yí po kò já mọ́ nǹkan lójú rẹ̀, àgàgà lóru tàbí nínú òjò. Ohùn dé, ìṣòro èdè sì bá a dé. Àmì tí gbogbo wọn ti jọ gbọ́ di ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ sì ní ahọ́n. Nínú ariwo jẹnẹrétọ̀, “go” àti “no” kò jìnnà síra, “left” àti “lift” náà jọra, ẹni tó sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé àti ẹni tó kọ́ ọ ní Boundary kì í pe ọ̀rọ̀ kan náà bákan náà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ orí rédíò fi gbọ́dọ̀ kéré níye, kí gbogbo gáǹgì sì ti fẹnu kò lé e kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìlànà kẹta ìjọ́sí ní láti gba ara tuntun. Bí ọwọ́ bá dúró, gbogbo ènìyàn ló rí i. Bí rédíò bá dákẹ́, ta ló mọ̀ bóyá olùdarí fẹ́ kí ẹrù máa bọ̀, tàbí bátìrì rẹ̀ ló kú? Ọgbọ́n tí àwọn èbúté ta sí i ni kí olùdarí máa sọ ọ́ léraléra láìdánudúró, “lówà, lówà, lówà”, ìyẹn ni pé kí ẹrù máa sọ̀, títí yóò fi kanlẹ̀. Bí ohùn bá dá, fún ìdí yòówù, awakọ̀ á dá kiréènì dúró. Èyí ni ohun tó dára jù tí àmì ọwọ́ fi sílẹ̀ fún rédíò, ó sì yani lẹ́nu pé òun gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ní sùúrù sábà ń fò.

Ìyókù kò le. Kí ènìyàn tẹ́tí kí ó tó tẹ bọ́tìnnì. Kí ó tẹ̀ ẹ́ tán, kí ó dúró díẹ̀ kí ó tó lanu, nítorí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń sọnù. Orúkọ ẹni tí a ń pè ló ṣíwájú, tiwa tẹ̀ lé e. Kí ẹnu jìnnà sí rédíò ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí márùn-ún, kí a sì máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, nítorí igbe kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yéni. Eríà kì í ṣe ọwọ́ tí a fi ń gbé e. Ẹni tó ń wa fọ́kílíìfù, kí ó dúró kí ó tó dáhùn. Bátìrì tó kún gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ìṣípò iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Níbi epo, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Àpápá kún fún táńkì epo, ọkọ̀ epo sì ń gúnlẹ̀ sí jẹ́tì tirẹ̀. Èéfín epo bẹtiróòlù kò nílò ju ẹ̀tàpàrà iná kékeré kan lọ, bátìrì wọkí-tọ́kì lásán sì lè ta á nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́ tàbí tó bá já bọ́. Rédíò tí wọ́n fọwọ́ sí fún irú ibẹ̀ nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ jẹ́tì, a kì í sì í pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ níbẹ̀.

Òfin lílo rédíò náà ní ìtàn tirẹ̀. Láti ìgbà amúnisìn ni ìjọba ti kà á léèwọ̀ kí ènìyàn lo irú rédíò yìí láìgba ìwé àṣẹ. Nigerian Communications Commission, NCC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, tí òfin 2003 sì fún lágbára sí i, ló ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní ìgbì báyìí. Ọ̀pọ̀ ló ń wo ìwé àṣẹ bí ọ̀nà àtigba owó. Wọn kò jẹ̀bi pátápátá, àmọ́ rédíò olówó pọ́ọ́kú tí ẹnikẹ́ni lè yí sí ìgbì tó wù ú lè já lé orí ìkànnì àwọn tó ń gbé kọntéínà, tàbí ìkànnì 16 fúnra rẹ̀.

Nígbà tí GSM dé ní August 2001, nínú orílẹ̀-èdè tí ìlà tẹlifóònù rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ, ó jọ pé ìgbà wọkí-tọ́kì ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù ń pe ẹnì kan, ó ń dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì ń ná owó. Rédíò ń bá gbogbo gáǹgì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìlànà ààbò àgbáyé fún èbúté, ISPS, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 2004, fi kún iye ẹ̀ṣọ́ tó nílò rédíò. Ní 2006, ìjọba fi iṣẹ́ orí wọ́ọ̀fù lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, APM Terminals gba ti kọntéínà Àpápá, ó sì di ojúṣe ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sísọ.

Ibi tí iṣẹ́ kù sí nìyẹn. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ náà, NPA àti Maritime Workers Union of Nigeria jọ jókòó, kí wọ́n kọ àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí kiréènì nílò sílẹ̀ ní Pijin, kí gbogbo wọ́ọ̀fù lo irú kan náà, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ Ajégúnlẹ̀ ti ń gba rédíò láràárọ̀.