Ààlà Ọyẹ́ àti Ìlà Ìjì

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá sọ iṣẹ́ àwọn tó ń wo bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí lónìí àti lọ́la, ojú ọjọ́ gan-an ni kó kọ́kọ́ wò, kó tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹ wo "front", tó kún inú ìwé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí. Àwọn onímọ̀ ní Bergen, lórílẹ̀-èdè Norway, ló yá a látinú Ogun Àgbáyé Kìíní, torí pé afẹ́fẹ́ tútù àti afẹ́fẹ́ gbígbóná ń kọjú ìjà síra wọn lọ́dọ̀ tiwọn. Bí a bá tú u sí "ojú ogun", òtútù Yúróòpù la gbé wá sétí ọ̀sà Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ohun tí onímọ̀ ojú ọjọ́ ń wá lórí máàpù níhìn-ín ni ibi tí afẹ́fẹ́ olómi tó ń ti orí òkun bọ̀ ti pàdé afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti aṣálẹ̀ bọ̀. Mo dábàá pé ká pè é ní ààlà ọyẹ́. Lóṣù kìíní, ó máa ń sún mọ́ etíkun wa. Lóṣù kẹjọ, ó ti gòkè dé ìhà Sàhárà. Ìwọ̀n ìrì, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ tutù tó kí ìrì tó sẹ̀, ni wọ́n fi ń tọpa rẹ̀: ibi tó bá ti tó nǹkan bíi 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń fa ìlà gbà.

Ẹlòmíràn lè ní kò sí ọyẹ́ lóṣù kẹjọ. Kò sí i lọ́dọ̀ wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbẹ náà ṣì wà lókè lọ́hùn-ún, ààlà yìí ló sì ń sọ bó ṣe jìnnà sí wa tó. Àwọn mìíràn á ní Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ yìí ń lò káàkiri àgbáyé. Àmọ́ nọ́ńbà ni àwọn ibùdó tó ń wo ojú ọjọ́ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, Yorùbá kò sì ní ba nọ́ńbà jẹ́. Ọlọ́kọ̀ ojú omi ló nílò ọ̀rọ̀, pàápàá nípa ìjì ààrá tó máa ń tò gbọọrọ, tó ń ti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Ìlà ìjì ni mo pè é. Ẹ̀pẹ́ ló sábà ń kọ́kọ́ dé kó tó kan Ìkòròdú. Bó bá ń sáré ní kìlómítà 50 ní wákàtí kan, nǹkan bíi wákàtí kan péré ló wà láàárín ìlú méjèèjì. "Ìjì lè jà" kò ran ẹni tó wà lórí ọ̀sà lọ́wọ́. "Ìlà ìjì ti dé Ẹ̀pẹ́" sọ ibi tó wà, ó sì jẹ́ kí ará Ìkòròdú mọ̀ pé òun ló kàn.

Kí NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, àti àwọn ilé iṣẹ́ rédíò tó ń fi Yorùbá ka ìròyìn dán ọ̀rọ̀ méjèèjì wò nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá tún dé.