Bí Gbígba Orin Sílẹ̀ Ṣe Di Iṣẹ́ Inú Ilé

 

Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹyin lohùn. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ìkìlọ̀ ni wọ́n fi ṣe, kí ènìyàn má baà sọ ohun tí kò ní ṣe é kó mọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, ohùn tí ó bá ti jáde lẹ́nu ti lọ nìyẹn. A lè rántí orin tí ìyá wa àgbà máa ń kọ nídìí ọlọ, a sì lè tún un kọ, ṣùgbọ́n ohùn ìyá àgbà fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè pè é padà. Ní ọdún 1877 ni Thomas Edison, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ kan tí ó gba ohùn ènìyàn sílẹ̀, tí ó sì tún sọ ọ́ jáde. Láti ìgbà náà ni ẹyin yìí ti ṣe é kó.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí ni èyí: ta ni ó ní àṣẹ láti kó o? Ta ni ó ń yan ohùn tí a ó tọ́jú, àti èyí tí a ó jẹ́ kí ó ṣègbé?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ilé-iṣẹ́ àwo orin ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹni tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tí í ṣe bàbá àgbà Fẹlá Aníkúlápó, jẹ́ oníwàásù tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn orin. Ní ọdún 1922, nígbà tí ó wà ní London, ilé-iṣẹ́ Zonophone gba orin Yorùbá 43 sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ní àkókò náà, wọn kò tíì máa lo makirofóònù fún iṣẹ́ àwo. Ẹnu ìwo ńlá kan ni olórin ń kọrin sí. Agbára ohùn rẹ̀ nìkan ni ó ń mi abẹ́rẹ́ kan tí ń fa ìlà sára ìda tí ń yí. Ojú kan àwo kò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Bí olórin bá ṣì í, a ó pa ìda náà tì, a ó mú òmíràn, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà tóbi, ó wọ́n, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò kò sì pọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ilé-iṣẹ́ kò bá pè, ohùn rẹ̀ kò lè wọ inú àwo. Mélòó nínú àwọn oníjàálá àti onírárà ayé ìgbà náà ni ó rí ọkọ̀ òkun wọ̀ lọ sí London?

Bí àṣẹ yìí ṣe kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ nìkan, tí ó sì wọ inú ilé, ìtàn gígùn ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó lọ́wọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí a kò lè sọ ìtàn náà láìdárúkọ rẹ̀. Les Paul ni.

A bí i ní ìlú Waukesha, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 9 oṣù Júùnù, 1915. Onígìtá ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára irin-iṣẹ́. Ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kékeré láti máa kọrin kiri, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kò fi òun sílẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ ní ẹ̀rọ tí yóò máa gé àwo orin, ó ṣe é fúnra rẹ̀. Ó mú irin rìbìtì wúwo kan tí a yọ lára ẹ́ńjìnnì mọ́tò Cadillac, ó sì fi ṣe ibi tí àwo yóò máa yí lé lórí, nítorí pé irin tí ó wúwo tí ó sì dọ́gba kì í yí ségesège. Bẹ́líìtì tí ó ń yí i, irú èyí tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò ni. Ní ọdún 1945, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú gáréèjì ilé rẹ̀ ní Hollywood, gáréèjì náà sì di ilé ìgbohùnsílẹ̀.

Nínú gáréèjì yìí ni ó ti ṣe orin kan tí a ń pè ní “Lover”, tí ilé-iṣẹ́ Capitol gbé jáde ní ọdún 1948. Ohùn gìtá 8 ni ó wà nínú rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì ta gbogbo wọn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi ojú inú wo onílù kan tí ó lu ìyáàlù, tí ó tún padà wá fi omele lé ìyáàlù tí ó ti lù, tí ó sì tún fi gúdúgúdú lé e, títí tí odindi ẹgbẹ́ onílù fi pé láti ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Les Paul ṣe. Ó ta gìtá sínú àwo kìíní. Ó jẹ́ kí àwo náà máa kọ, ó ta òmíràn tẹ̀lé e, ẹ̀rọ kejì sì gba méjèèjì pọ̀ sínú àwo kejì. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sí ẹ̀kẹta, ó bọ́ sí ẹ̀kẹrin. Nígbà mìíràn, yóò jẹ́ kí ẹ̀rọ yí ní ìlàjì eré rẹ̀ bí ó ti ń ta á. Bí ó bá wá dá eré náà padà sí bí ó ti yẹ, gìtá yóò máa dún tínrín bí ohùn ẹyẹ, yóò sì yára ní ìlọ́po méjì.

Ní oṣù Jánúárì ọdún 1948 kan náà ni ìjàǹbá mọ́tò ṣe é ní ìpínlẹ̀ Oklahoma. Apá ọ̀tún rẹ̀ fọ́ yángá, àwọn dókítà sì rí i pé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kò ní lè ká, kò sì ní lè nà mọ́. Ó bẹ̀ wọ́n pé bí apá náà yóò bá gan, kí wọ́n jẹ́ kí ó gan bí apá ẹni tí ó gbé gìtá mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì tò ó. Ó lé ní ọdún kan kí ó tó bọ̀ sípò.

Láàrin àkókò yìí, ohun tuntun kan ti dé. Ní ọdún 1935, ilé-iṣẹ́ AEG ti pàtẹ ẹ̀rọ kan ní Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì, tí ń gba ohùn sórí téèpù. Téèpù yìí dà bí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹ̀fun irin tí ó dógùn-ún ni a sì fi ra ara rẹ̀. Iná mànàmáná a máa sọ irin náà di òòfà níbi púpọ̀ àti níbi díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ohùn bá ti lọ sókè tàbí sódò. Nígbà tí ogun parí, Jack Mullin, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, kó méjì nínú ẹ̀rọ náà lọ sílé. Nígbà tí ó fi di ọdún 1948, ilé-iṣẹ́ Ampex ti ń ta irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Gbajúmọ̀ olórin nì, Bing Crosby, ni ó fún Les Paul ní ọ̀kan ní ọdún 1949.

Les Paul kò lò ó bí wọ́n ti ṣe é. Ó fi irin kékeré kan tí ń ka ohùn kún un, ó sì fi í síwájú irin tí ń pa ohùn rẹ́. Bí téèpù bá ti ń kọjá, irin yìí yóò ka ohùn àtijọ́ kí ó tó parẹ́. Ohùn àtijọ́ àti ohùn tuntun yóò sì jọ wọ inú téèpù náà padà. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀. Nítorí pé ohùn àtijọ́ ti parẹ́, bí ọwọ́ bá ṣì ní ìgbà kẹwàá, mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ti ṣòfò nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, ohùn tí a bá kọ́kọ́ gbà a máa ṣá díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń fi òmíràn lé e. Nítorí náà, ohun tí kò ṣe pàtàkì ni ó ń kọ́kọ́ gbà. Ó ń fi èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ṣe ìkẹyìn.

Báyìí ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Mary Ford, ṣe orin “How High the Moon” ní ọdún 1951, nínú ilé tí wọ́n ń gbé ní Jackson Heights, ní New York. Mary gbe orin, ó sì tún gbè é fúnra rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 9 ni orin náà fi wà ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Gbogbo ayé sì rí i pé orin tí a ṣe nínú ilé lè bá ti ilé-iṣẹ́ ńlá dọ́gba.

Ní ọdún 1957, Ampex ṣe ẹ̀rọ kan fún un tí téèpù rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́jọ. Bí poro mẹ́jọ nínú oko kan ni: ohùn kọ̀ọ̀kan ní poro tirẹ̀, bí a bá sì ba ọ̀kan jẹ́, ìyókù kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n dọ́là 10,000 ni wọ́n tà á. Àṣẹ ti wọlé lóòótọ́, ilé olówó ni ó wọ̀.

Ọdún 1979 ni ó tó kan tálákà. Ní ọdún náà, ilé-iṣẹ́ TEAC ti ilẹ̀ Japan gbé Portastudio jáde, ẹ̀rọ tí ènìyàn lè gbé sórí tábìlì, tí ń lo kásẹ́ẹ̀tì lásán, tí ó sì ní poro mẹ́rin. Poro mẹ́rin náà ni ẹ̀rọ tí àwọn Beatles fi ṣe àwo “Sgt. Pepper” ní London ní ọdún 1967! Ní oṣù Jánúárì 1982, Bruce Springsteen lo irú ẹ̀rọ yìí nínú ilé rẹ̀ ní New Jersey. Ó kàn fẹ́ fi orin náà han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n jọ ṣe é nínú sítúdíò, kò dùn tó ti inú ilé. Kásẹ́ẹ̀tì náà gan-an ni wọ́n sọ di àwo “Nebraska” ní ọdún náà.

Les Paul kú ní ọdún 2009, ní ẹni ọdún 94. Fóònù tí ó wà nínú àpò ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín báyìí lè ṣe ohun tí ẹ̀rọ olówó iyebíye rẹ̀ kò lè ṣe. Ohun tí ó kù ni etí àti sùúrù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wá yàrá tí ó dákẹ́. Kí ó pa fáànù, kí ó sì dúró kí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì dákẹ́. Ògiri lásán a máa dá ohùn padà. Aṣọ, mátírẹ́ẹ̀sì àti kọ́tìnì a máa gbé e mì. Kí ó má fi ẹnu kan makirofóònù. Ìwọ̀n ìka àtàǹpàkò sí ìka ọmọńdinrín, bí a bá na ọwọ́, tó. Kí ó yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu díẹ̀, kí èémí “b” àti “gb” má baà máa fẹ́ lù ú. Kí ó dán an wò, kí ó gbọ́ ọ, kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ṣì í, kí ó tún un ṣe. Ẹni tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gan kò dáwọ́ dúró.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ẹ̀rọ náà gba ohùn ara wa nìkan. Àwọn àgbà tí ó mọ oríkì ìdílé yín, àwọn tí ó mọ ẹkún ìyàwó àti orin ọlọ, ẹ lọ bá wọn. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ jáde. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó kọrin, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Nígbà kan, bí ohùn bàbá wa bá ṣègbé, a lè sọ pé ilé-iṣẹ́ kò pè é. Lónìí, àwa ni ilé-iṣẹ́. Bí ẹyin náà bá fọ́, ọwọ́ wa ni ó ti bọ́.

Ó dìgbà kan ná o.