Sísan Owó Gbàǹjo Lórí Fóònù àti Íntánẹ́ẹ̀tì: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Ẹ̀pẹ́

Nínú gbàǹjo, ẹni tí ó bá pe iye owó tí ó ga jù ni ó ni ọjà. Ṣùgbọ́n kí ọjà tó bọ́ sí i lọ́wọ́, ẹnì kan ní láti ru ewu: bóyá olùrà tí ó ti sanwó tí kò tíì rí ọjà, bóyá olùtà tí ó ti yọ̀ǹda ọjà tí kò tíì rí owó. A kọ ìtọ́sọ́nà yìí láti fi àwọn ọ̀nà ìsanwó tí ó wọ́pọ̀ wé ara wọn, kí ará Ẹ̀pẹ́ àti agbègbè rẹ̀ lè mọ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé ewu náà kà lórí.

Oríṣi gbàǹjo mẹ́ta

Àkọ́kọ́ ni ti ojúkojú. Ní ọjà Olúwo, bí apẹja bá gbé ẹja tútù kalẹ̀, ìnájà àwọn alájàpá a máa dà bí gbàǹjo: ẹnì kan á dá owó, ẹlòmíràn á fi owó lé e. Ẹja kì í dúró de owó tí kò tètè wọlé, nítorí náà ìyára ni ó ṣe pàtàkì níbẹ̀.

Èkejì ni ti ìjọba. Ìpínlẹ̀ Èkó a máa ta àwọn ọkọ̀ tí ilé ẹjọ́ bá gbà lọ́wọ́ arúfin ní gbàǹjo ní gbangba. Iléeṣẹ́ Aṣọ́bodè Nàìjíríà náà bẹ̀rẹ̀ gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2017, ẹni tí yóò bá sì dá owó níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ asanwó-orí.

Ẹ̀kẹta ni ti ilẹ̀ òkèèrè, irú èyí tí eBay ń ṣe, níbi tí olùrà àti olùtà kò ti ní fojú kan ara wọn.

Fífi owó ránṣẹ́ láti àkáǹtì sí àkáǹtì

Èyí ni ó yá jù. Láti ọdún 2011 ni owó ti ń ti ilé ìfowópamọ́ kan dé òmíràn lójú ẹsẹ̀. Áàpù àwọn ilé ìfowópamọ́ ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni OPay, PalmPay àti Moniepoint. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà CBN ti ọdún 2020, owó iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju náírà 10 lọ fún owó tí kò kọjá 5,000. Náírà 25 títí dé 50,000. Náírà 50 fún èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Náírà 50 ti ìjọba tún wà lórí owó tí ó bá tó 10,000.

Àléébù rẹ̀ ni pé owó tí ó bá ti lọ ti lọ. Ilé ìfowópamọ́ kò lè dédé gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà á. Orí olùrà ni ewu wà. Ní ti olùtà, àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú ni kí ó ṣọ́ra fún: kí ó wo iye tí ó wà nínú àkáǹtì tirẹ̀, kì í ṣe ohun tí olùrà fi hàn án lórí fóònù.

Nọ́ńbà kíkéékèèké lórí fóònù

Nọ́ńbà bíi *894# ti First Bank tàbí *737# ti GTBank kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù kékeré sì tó o. Ó wúlò fún àwọn abúlé etí ọ̀sà tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti dúró dáadáa. Náírà 6.98 ni fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. CBN fi 100,000 náírà ṣe òdiwọ̀n ohun tí oníbàárà lè fi ránṣẹ́ báyìí lójúmọ́, àfi bí ó bá bá ilé ìfowópamọ́ rẹ̀ ṣe àdéhùn mìíràn. Ó tó fún agbọ̀n ẹja. Kò tó fún ọkọ̀.

POS àti ojúlé ìsanwó

POS ń fún olùrà àti olùtà ní ìwé ẹ̀rí lójú ẹsẹ̀. Bí owó bá kúrò lọ́dọ̀ olùrà tí kò dé ọ̀dọ̀ olùtà, ìlànà CBN ti ọdún 2020 ní kí a yanjú rẹ̀ láàárín wákàtí 72. Ìlànà kan náà kan sísanwó pẹ̀lú káàdì lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Olùtà tí ó ń ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè lo Paystack tàbí Flutterwave. Paystack ń gba ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú náírà 100, kì í sì ju 2,000 lọ. Kì í gba náírà 100 náà bí owó kò bá tó 2,500. Fún ọjà 40,000, ìyẹn jẹ́ náírà 700, nígbà tí fífi owó ránṣẹ́ lásán jẹ́ 75. Ó wọ́n jù, ṣùgbọ́n olùrà tí ó fi káàdì san lè fi ẹjọ́ sun ilé ìfowópamọ́ rẹ̀ bí ọjà kò bá dé.

PayPal fún ọjà òkèèrè

Láti ọdún 2014 ni ará Nàìjíríà ti lè fi PayPal sanwó. Bí ọjà kò bá dé, tàbí tí kì í ṣe ohun tí a júwe, olùrà ní ọjọ́ 180 láti fi ẹjọ́ sùn. Ṣùgbọ́n ààbò yìí kò kan ọkọ̀. Kí ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ohun tí a gbà yín níyànjú

Ní ojúkojú, ẹ fi owó ránṣẹ́ tàbí kí ẹ lo POS, ṣùgbọ́n kí ọjà àti owó pàrọ̀ ọwọ́ ní ìdúró kan náà. Lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, ẹ fi káàdì san, kódà bí ó bá wọ́n jù. Ní gbàǹjo ìjọba, ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ sínú àkáǹtì tí ó jẹ́ orúkọ ènìyàn. Àwọn gbájúẹ̀ tí ń polówó ọkọ̀ aṣọ́bodè lórí Facebook àti WhatsApp kò ní ọkọ̀ kankan láti tà.

Bí ìṣòro bá dé, ẹ tètè kọ̀wé sí ilé ìfowópamọ́ yín, kí ẹ sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ojútùú, ẹ kọ̀wé sí CBN ní cpd@cbn.gov.ng. Bí ó bá jẹ́ pé ọjà fúnra rẹ̀ ni kò dára, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ LASCOPA, àjọ Ìpínlẹ̀ Èkó tí ń dáàbò bo oníbàárà. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.