Kí Ni Ká Pe Pádò?

Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2022 ní Bràsíìlì, ìdá 45.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ìlú ló pe ara wọn ní pardo, ọ̀rọ̀ Potogí fún ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín dúdú àti funfun. Àwọn tó pe ara wọn ní funfun kò tó wọn. Akọ̀ròyìn tó bá fẹ́ kọ èyí ní Yorùbá, àdàlù ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ó yá lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni. Àbùlà burú jù ú lọ, torí ẹmu tí wọ́n bomi lù ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmúlùmálà ńkọ́? Èébú gbáà!

Gbogbo wọn tún ṣìnà lọ́nà kan náà: ìdàpọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Àwọ̀ tàbí ẹ̀yà ni olùkànìyàn ń béèrè, ohun tí oníkálukú bá sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ló ń kọ sílẹ̀. Kò bi í léèrè ẹni tó bí i. Ní ìlú Salvador ní Bràsíìlì, ọmọ ìyá ọmọ bàbá lè jẹ́ pardo kí àbúrò rẹ̀ jẹ́ preto, ìyẹn dúdú. Nílé tiwa náà, Apọ́nbéporẹ́ àti Adúmáadán ń jáde láti inú kan náà, kò sẹ́ni tó ń tú ìdí wọn wò. Ní tèmi, pádò ni kí á kọ, kí á fi “pupa rúsúrúsú” túmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó tán. Sarará, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ mìíràn, sì rèé: ẹni tó pọ́n, tí irun rẹ̀ pupa àmọ́ tó ta kókó: àpèjúwe ti tó o.

Ibi orírun gan-an ni èdè wa ti lówó lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ tó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Bràsíìlì wò rí i pé ìlà bàbá ọ̀pọ̀ jù lọ wọn lọ sí Yúróòpù, nígbà tí ìlà ìyá púpọ̀ nínú wọn lọ sí Áfíríkà àti sọ́dọ̀ àwọn onílẹ̀ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ti àkọ́kọ́ ní ẹ̀jẹ̀ ọbàkan, ká pe ìkejì ní ẹ̀jẹ̀ iyèkan. Ẹnìkan lè ní ọ̀rọ̀ ogún pípín la gbé wọ inú sáyẹ́ǹsì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá gbọ́ ọbàkan ti mọ̀ pé bàbá kan ni, ìyá yàtọ̀ síra. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ nínú oko ìrèké ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíìlì nìyẹn, níbi tí ọ̀gá Potogí kan ti ń fún obìnrin púpọ̀ lóyún, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tí kò lè sọ pé òun kò fẹ́.